Tíṣà tó fẹ́ kàwé sí i nítorí ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí

Tíṣà kan tó ń kọ́ Praimárì Kẹta ní Abẹ́òkúta ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. NCE ni mo kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà mo gba B.Ed. lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2017. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń ṣe mí ní kàyéfì. Ẹnu rẹ̀ mú, ó mọ owó kà, òun ni gbogbo tíṣà máa ń rán lọ ra nǹkan torí kì í gba ṣéńjì tó dín. Ṣùgbọ́n kò lè ka gbólóhùn kan ṣoṣo délẹ̀. Tíṣà tó kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá ní olódo ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé kí n lọ ṣe Masters lórí kíkọ́ irú àwọn ọmọ báyìí. Ọkọ mi ní bí a bá máa náwó lórí ìwé, kí n kúkú lọ sí ìlú òyìnbó. Ọmọ méjì la bí. Ibo ni kí n lọ? Ṣé wọ́n á gbà mí, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe Special Education ni mo kà tẹ́lẹ̀? Ṣé iṣẹ́ sì wà níbẹ̀?"

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ lọ ṣe é. Wọ́n á gbà yín, iṣẹ́ sì wà. Àmọ́ ẹ má tíì ra fọ́ọ̀mù kankan, torí ohun tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ yìí, orúkọ rẹ̀ máa ń yí padà bí èèyàn bá ti ń kọjá ẹnu ibodè. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè sanwó ọjà tí kò fẹ́ rà.

Ní 1963, àwọn òbí kan pàdé ní Chicago. Ọmọ wọn lóye, ó ń ríran, ó ń gbọ́ràn, síbẹ̀ ìwé kíkà tàbí ìṣirò takú mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti sú wọn, torí pé ohun tó máa ń wà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọpọlọ ọmọ ti fara pa. Samuel Kirk, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Illinois, ló dá a lábàá fún wọn pé kí wọ́n máa lo "learning disabilities". Orúkọ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ní 1975, wọ́n fi orúkọ yìí sí i. Lónìí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ tí òfin yẹn ń gbè ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí náà ni èmi ń lò tí mo bá sọ pé ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́, òun náà sì ni ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ wá sọdá sí Britain. Bí ẹ bá sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ fẹ́ kọ́ àwọn tó ní learning disability, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni ẹni tí òye rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, tó lè nílò ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti náwó tàbí láti dá gbé. Irú ọmọ ti yín, specific learning difficulties ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń gé e sí SpLD. Mo mọ obìnrin kan tó ti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ló tà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló pè mí: "Sà, bí wọ́n ṣe ń ṣètò ilé fún àgbàlagbà là ń kọ́. A ò tíì fẹnu kan ìwé kíkà." Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yẹn, ó sì ń jẹun nídìí rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló torí rẹ̀ ta ilẹ̀. Orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan ló kà, kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Ẹ ti lè gbọ́ nípa ilé ìwé Atúndá-Olú ní Surulere. Àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara àti ti òye ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni, orúkọ ilé ìwé náà sì dùn-ún pè, ṣùgbọ́n ọmọ yín kì í ṣe ará ibẹ̀. Kíláàsì yín ló ti yẹ kó wà. Nípa ti tíṣà tó pè é ní olódo, ẹni tó ń gba òdo là ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọn ò lè fi ṣéńjì rẹ́ jẹ, òdo rẹ̀ dà?

Ẹ jẹ́ ká dúró lọ́dọ̀ ọmọ náà díẹ̀, torí ohun tí ẹ bá rí lára rẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀ ló máa sọ fún yín bóyá iṣẹ́ yìí bá yín lára mu. Mo ti rí ẹni tó gba Masters yìí tí kò lè jókòó ti ọmọ kan fún ogún ìṣẹ́jú kó má bínú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú àti etí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn kíláàsì wá síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan kan yí padà. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ rọra pe orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó mú un lọ sí jẹ́nẹ́rà kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tó le jù: ṣé ẹnì kan ti kọ́ ọmọ yìí ní ìwé kíkà rí ní tòótọ́? Ọmọ tí tíṣà rẹ̀ kì í wá, tàbí tó wà láàárín ọgọ́rin ọmọ tí gbogbo wọn ń pariwo "A for apple" pa pọ̀, kò ní ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́. A kò kọ́ ọ ni. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ fi èyí sínú ìwé òfin iṣẹ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní DSM-5: ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé ọmọ ní ìpèníjà yìí tó bá jẹ́ pé àìkọ́ dáadáa, ojú, etí, tàbí àìgbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ló fà á.

Ti èdè yẹn ló sábà máa ń kọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1970, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ ni. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ gbé ìwé Yorùbá lé ọmọ yín lọ́wọ́. Lẹ́tà Yorùbá kì í purọ́ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì: "b" kò ní ohùn méjì, "gb" kò sì ń fara pa mọ́. Bí ó bá ka Yorùbá geere tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń ṣe é léṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ kọ́ ọ, ẹ fi dyslexia, ìyẹn ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ti ìwé kíkà, sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Níbi tí lẹ́tà kì í ti í purọ́, bíi ti èdè Ítálì tàbí Jámánì, ọmọ tó ní dyslexia máa ń ka ọ̀rọ̀ tọ́ níkẹyìn. Ìyára ni kò ní. Ó ń fà á bí ẹni fa okùn kànga. Ẹ má kan wò ó bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á, ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ fi ka àkókò. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà ńbẹ̀. Àwọn ìwé wa kan kì í fi àmì sí i, ọmọ á wá máa fojú inú wá bóyá igba ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà, tàbí ìgbá. Àgbàlagbà tó mọ̀wé á ti fi ìtumọ̀ gbólóhùn gbé e. Ọmọ tó ṣì ń bá lẹ́tà jìjàkadì, kò ní agbára kankan tó kù fún ìyẹn. Ìwé tó lámì ni kí ẹ lò fún un.

Ẹ tún bo àwòrán. Mo ti kọ́ ọmọkùnrin kan rí, Àkànní ni n ó máa pè é níbí. Ó ń ka ìwé kíkà rẹ̀ bí ẹni ń dárin. Ìtàn ọdẹ kan àti ajá rẹ̀ ni, ó tiẹ̀ ń fi ìka tọ ìlà. Ìka yẹn ni mo ń wò. Ẹnu rẹ̀ ti parí gbólóhùn, ìka rẹ̀ ṣì wà láàárín ìlà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán ajá náà, ó dákẹ́. Mo ṣí ojú ewé míì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, mo ní kó máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń ka ìwé yẹn sókè lálaalẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí ti há gbogbo rẹ̀ sórí, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ọgbọ́n tó fi ń bo àìmọ̀ọ́kà rẹ̀ ju èyí tí àwa fi ń kọ́ ọ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìwé sílẹ̀, kí ẹ bá a ṣeré ohùn. "Sọ bàtà. Ó dáa. Yọ bà kúrò, kí ló kù?" Èyí rọrùn fún ọmọ Yorùbá, torí ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ti là sí wẹ́wẹ́. Ẹ wá jin ín sí i: "Ìró wo ló bẹ̀rẹ̀ bàtà?" Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dúró sójú kan. Èmi tún máa ń lo ẹnà. Ẹ rántí ẹnà? "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ." Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ kíákíá ní láti gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kó sì tún mọ fáwẹ̀lì tó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó lè pe èkejì rẹ̀. Ẹnà kì í ṣe ìdánwò tí ilé ìwòsàn kankan á gbà lọ́wọ́ yín, àmọ́ láti ọdún tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ta á, àwọn tí kò rí i gbá mú rárá ni mo máa ń kọ́kọ́ pè sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ohun tó sọ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe èrò yín nípa rẹ̀. "Ó ka 'ilé' sí 'ìlú', ó tún un sọ fúnra rẹ̀" ni. "Kò fọkàn sí i" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe Masters sínú fọ́ọ̀mù, ìwé kékeré yẹn ni ẹ máa ṣí. Mo ti ka ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lára àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn ló "nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé". Ẹni tó bá kọ pé òun bo àwòrán ajá, a máa ń pè é wá.

Ẹ tún máa fi ọwọ́ ka iye wọn. Ìwé àwọn oníṣègùn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé ìwé, márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń ní ìpèníjà yìí. Tí kíláàsì yín bá jẹ́ ọgọ́ta, mẹ́ta sí mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹyọ kan ni ẹ sọ fún mi. Àwọn tó kù, ó lè jẹ́ àwọn tó dákẹ́ ni.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ni ní Masters yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: bí ọpọlọ ṣe ń kàwé, bí a ṣe ń yẹ ọmọ wò, bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo, òfin, ìṣirò ìwádìí tó máa ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà project. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni practicum, ìyẹn wákàtí tí ẹ máa fi jókòó ti ọmọ gidi, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ jókòó ti ẹ̀yin náà. Bí kọ́ọ̀sì kan kò bá ní in, tàbí tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n á fún yín kí ẹ lọ fúnra yín wá ilé ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò ní wá wò yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bó ti wù kí orúkọ wọn tóbi tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Wọ́n máa kọ́ yín ní ọ̀nà tí dókítà Orton àti olùkọ́ Gillingham dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1930 sí 1940: ọmọ ń wo lẹ́tà, ó ń pe ìró rẹ̀, ó sì ń fi ìka kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wa, àwo fífẹ̀ kan àti gàrí ló máa ń tó. Ẹ tẹ́ gàrí náà pẹrẹsẹ, ọmọ á kọ "gb" sínú rẹ̀, á pe "gb", ẹ mi àwo, ó parẹ́, ó tún un kọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo sì ti rí tíṣà tó gbé àwo gàrí wá sí kíláàsì, tó ń kọ́ lẹ́tà mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, láì bojú wo èyí tí ọmọ ti mọ̀. Kò sí ohun tó yí padà. Gàrí kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ètò ló ń ṣiṣẹ́: ìró kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí èyí tí a fò, a sì ń padà sórí ti àná kí a tó fi tòní kún un. Ìwé lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti yín tó sọ pé "ẹ ti sáré jù, ẹ padà" ni ẹ máa gbàgbọ́.

Yíyẹ ọmọ wò náà ń béèrè ẹni tó jókòó tini. Púpọ̀ nínú ìdánwò tí wọ́n máa gbé fún yín, ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ England ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Nígbà kan mo gbé àwòrán ilé kan síwájú ọmọ kan tó wá láti Ìsẹ́yìn. Èéfín ń jáde lórí òrùlé, ibi tí òyìnbó ti ń dáná yáná ni. Mo bi í pé kí ni àwọn tó wà nínú ilé náà ń ṣe. Ó ní, "Wọ́n ń sá jáde, ilé wọn ń jóná." Ìwé ìdánwò ní kí n fún un ní òdo. Ta ló gba òdo níbẹ̀, èmi tàbí ọmọ?

Ó wá kan ibi tí ẹ máa lọ. Nílé, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Jos ni wọ́n ti ní ẹ̀ka Special Education tó ti pẹ́. Ìbàdàn ni mo máa mú fún yín, torí àtilọ àtibọ̀ sí Abẹ́òkúta ṣeé ṣe, ẹ ò sì ní fi àwọn ọmọ sílẹ̀. B.Ed. yín fi hàn pé tíṣà ni yín, ẹ ò nílò PGDE tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn kọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìpìlẹ̀ Special Education, ẹ má bínú sí i. Bí ó bá jẹ́ pé èsì B.Ed. yín kò ga tó, ẹ béèrè kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.

Kóòdà kí ẹ tó béèrè ìyẹn, ẹ wá ọjọ́ kan lọ jókòó ní ẹ̀ka náà. Ẹ má bá akọ̀wé nìkan sọ̀rọ̀, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí lọ. Ẹ bi í pé ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó ló mọ ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́ ní pàtó, torí pé ti adití àti afọ́jú ló sábà máa ń pọ̀. Ẹ bi í pé ọmọ wo lòun fi ṣe practicum. Ẹ bi í pé ọdún mélòó lòun ti lò. Ìwé lè sọ ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì, ṣùgbọ́n ASUU tún ní kàlẹ́ńdà tiwọn: ní 2022, oṣù Kejì ni wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó padà. Bí owó bá ká yín lọ́wọ́ kò ní báyìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Ọ̀yọ́, láti 1977 ló ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀kọ́ kúkúrú fún tíṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ti iṣẹ́, n kò ní tàn yín. Ọ̀gá yín ní ilé ìwé ìjọba kò ní dìde kí yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gba Masters. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé aládàáni ní Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, àwọn òbí ń wá tíṣà tó lè wá sílé, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ tíṣà sì máa ń béèrè Masters lọ́wọ́ olùkọ́. Òfin náà wà. Òfin ọdún 2018 tó dẹ́kun ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, sọ pé ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ wo gbogbo ilé ìwé tó yí yín ká, kí ẹ sọ fún mi èyí tó ní in. Àlàfo yẹn kò ní dí lọ́dún mẹ́wàá, ẹ sì lákòókò: láti 2022, òfin ti sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí ọdún 65 lọ́jọ́ orí, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá bá mi sọ fún baálé yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Britain: ọdún kan ni Masters wọn, ó yá, òótọ́ ni. Àmọ́ láti January 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe irú Masters tí wọ́n ń jókòó kọ́ ní kíláàsì kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ọmọ méjì tí ẹ bí, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa wà? Masters nìkan kò sì sọ yín di tíṣà tó lórúkọ ní England, QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ tíṣà wọn, ni wọ́n ń béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé yíyẹ ọmọ wò fún dyslexia ni ẹ fẹ́ fi jẹun níbẹ̀, ẹ rí i pé ìwé ẹ̀rí Level 7 tó jẹ́ ti iṣẹ́ yẹn wà nínú kọ́ọ̀sì náà. Masters kan ní in, òmíràn kò ní in, owó wọn sì lè jọra.

Amẹ́ríkà ń wá tíṣà iṣẹ́ yìí lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Masters tó ní láísẹ́ǹsì nínú wà, èyí tó jẹ́ ìwé lásán wà, wọ́n á sì jọ wà lójú ewé kan náà. Lẹ́yìn ìwé, ọdún kan ni físà akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jẹ́ kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Àfikún ọdún méjì tí ẹ ń gbọ́, àwọn tó ka sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ló wà fún. Ọkọ tó bá fi físà ẹni tó tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ṣé ó mọ ìyẹn?

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lókè òkun, ẹ má fi owó ara yín lọ. Chevening, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìjọba Britain, ń gbé ẹrù Masters ọdún kan ní Britain fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹ máa padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Commonwealth ní tirẹ̀, kódà wọ́n ní èyí tí ẹ lè ti Abẹ́òkúta ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láì fi kíláàsì yín sílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó lọ́mọ. Ẹ máa wo àkọsílẹ̀ wọn lọ́dọọdún, torí àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sanwó fún máa ń yí padà.

Ìdí tí mo fi ń tì yín sí Ìbàdàn kì í ṣe owó nìkan. Yunifásítì kankan ní London kò ní kọ́ yín bí ọmọ tó ń sọ Yorùbá ṣe ń kàwé, tàbí ohun tí àmì ohùn ń ṣe sí ojú ọmọ tí lẹ́tà ń dà rú fún. A kò ní ìdánwò tó pọ̀ tí wọ́n fi ọmọ tiwa díwọ̀n. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó wà ní Praimárì Kẹta ní Abẹ́òkúta, tó ní ìwé kékeré kan tó fi ń kọ ohun tí ọmọ sọ. Ẹ gbé ìyẹn lọ bá ẹni tí yóò máa bójú tó project yín, kó tó di pé wọ́n ní kí ẹ lọ pín ìwé ìbéèrè fún igba tíṣà kí ẹ máa ka "mo gbà" àti "n kò gbà".

Ohun tó kù ni transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì yín láti ilé ìwé tí ẹ ti gba B.Ed. Ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kódà bí ẹ ò bá tíì mọ ibi tí ẹ máa lọ, torí ti ọmọ kan tí mo kọ́ gba oṣù méje, fọ́ọ̀mù ọdún yẹn sì kọjá lọ níṣojú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà méjì. Bí ẹ bá sì ti padà dé kíláàsì ní Mọ́ńdè, ẹ bo àwòrán yẹn, kí ẹ máa wo ìka rẹ̀.